Láìsẹ́ǹsì Tí Bàbá Tẹ̀ Fúnra Wọn

Ẹ̀gbọ́n mi Ahmed,

Ẹ kú òtútù ọ̀hún o. Màmá kí yín. Oògùn orúnkún tí ẹ fi ránṣẹ́ ti ń ṣiṣẹ́. Gbogbo ará ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé wa ní Ṣómólú kí yín.

Láìsẹ́ǹsì, ìwé àṣẹ tí ẹ ní ká rà, kí kọ̀ǹpútà lè máa tọ́jú ẹ̀dà iṣẹ́ wa pamọ́, kọ̀ǹpútà kan péré ló wà fún. Mo ní ká ra márùn-ún sí i. Bàbá ní, "Àwa tí à ń tẹ̀wé, a ó wá máa ra ìwé?" Wọ́n bá tẹ márùn-ún, wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́ àwọn kọ̀ǹpútà yòókù.

Lánàá, ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà náà kú pẹ̀lú iṣẹ́ àwọn oníbàárà. A ò rí ẹ̀dà kankan. Bàbá ní bébà tí a lò ló fẹ́lẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe Bàbá lónìí, Ọlọ́run á ṣọ́ yín. Wọ́n ti ń gé bébà tó nípọn.

Àbúrò yín,
Shakirat