Obì Inú Ilé Gíláàsì

Bàbá mi, ẹni tí ojú ń tì mí láti kọ̀wé sí,

Ẹ kú àtijọ́. Èmi ni, àkọ́bí yín. Ìwé yìí ì bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́ nígbà tí ẹ wà láyé, kí tíṣà kà á fún yín lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ tó ká a sínú fìlà yín. Káàdì ọdún tuntun nìkan ni mo máa ń fi ránṣẹ́ nígbà náà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti tẹ̀ sórí rẹ̀ ni mo fi ń kí yín, n óò sì kọ orúkọ mi sí ìsàlẹ̀.

Ó ti rẹ̀ mí, Bàbá. Orúnkún mi kò gbọ́ràn mọ́. Mo ti fi ọdún mẹ́rin ju ọjọ́ orí tí ẹ fi kú lọ. Bí mo bá wo dígí, ojú yín ni mo ń rí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn tiyín balẹ̀ ju tèmi lọ.

Bọ́láńlé, ọmọ mi obìnrin, ló mú mi rìnrìn àjò. Nọ́ọ̀sì ni ní ìlú Òyìnbó. Ó fẹ́ kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì kékeré kan sí Ìlá, nítorí pé bí àwọn ọmọ ìlú bá ti Èkó, Ìbàdàn àti òkè òkun wálé ọdún, ibi tí wọn óò sùn kì í tó. Àwọn mìíràn a máa sùn sínú mọ́tò. Orí oko yín lọ́nà Ọ̀rà ló fẹ́ kọ́ ọ sí. Ìlú ti gbòòrò dé ibẹ̀ báyìí, òpó iná ti kọjá níwájú oko, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná kì í sábà wà lára rẹ̀. Èmi ni mo jogún ilẹ̀ náà, èmi ni n óò sì fọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Ó ní kí n kọ́kọ́ wá fi ojú ara mi rí irú ilé tí òun ní lọ́kàn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo lò lọ́hùn-ún, a sì sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì mẹ́rin. Kì í ṣe àwọn ilé gogoro o. Ilé kékeré ni wọ́n, oníyàrá mẹ́sàn-án, oníyàrá mọ́kànlá, tí tọkọtaya kan ń tọ́jú. Yàrá wọn kò ní nọ́ńbà, orúkọ òdòdó ni wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Ní èyí tí a kọ́kọ́ dé, ìrọ̀rí méje ni mo bá lórí ibùsùn mi. Mo pe Bọ́láńlé.

“Èwo ni n óò gbé orí lé nínú gbogbo èyí?”

“Méjì ni ti orí, Dádì. Ẹ̀ṣọ́ ni ìyókù.”

“Ẹ̀ṣọ́ ni yóò sùn lórí bẹ́ẹ̀dì, kí èmi wá sùn sílẹ̀?”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Mo kó ìrọ̀rí márùn-ún sórí àga, mo tò wọ́n bí àlejò, mo sì kí wọn pé ó dàárọ̀.

Ní àárọ̀, ìyá tó ni ilé náà bi mí bí mo ṣe fẹ́ ẹyin mi. Ọ̀nà márùn-ún ló kà sílẹ̀ fún mi. Ẹ̀yin ni mo rántí, bí ẹ ti máa ń jẹ iṣu sísun lórí ìdúró kí ẹsẹ̀ yín má baà gbàgbé iṣẹ́. Mo ní kó fún mi ní èyí tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ibi gbogbo mọ́, ó tutù, ó pa rọ́rọ́. Mo ń gun àkàsọ̀, mo ń sọ̀ kalẹ̀, mo ń kí àwọn èèyàn tí n kò ní í rí mọ́. Ó rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n Bọ́láńlé ń kọ ohun gbogbo sínú ìwé rẹ̀, n kò sì fẹ́ bà á lọ́kàn jẹ́.

Nítòsí hòtẹ́ẹ̀lì tó kẹ́yìn ni ọgbà ńlá kan wà, níbi tí wọ́n kó igi àti ewéko gbogbo ayé jọ sí. Lọ́jọ́ tí a lọ síbẹ̀, òtútù ń ge etí bí àlùmọ́gàjí. Bọ́láńlé ní kí a sáré wọ ilé gíláàsì kan tó wà láàárín ọgbà náà, wọ́n ń dáná ooru sínú rẹ̀ nítorí àwọn igi ilẹ̀ wa. Bí mo ti wọlé, ooru náà bò mí bí ooru oko nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Awò ojú mi ṣú. Mo bọ́ ọ, mo nù ún. Nígbà tí mo fi í padà sójú, igi obì ni mo rí.

Obì, Bàbá. Wọ́n fi irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n kọ orúkọ sí kọ́ ọ lọ́rùn. N kò mọ ìgbà tí mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi sára rẹ̀, bí ẹ̀yin ti máa ń ṣe.

Bàbá òyìnbó kan tó ń bomi rin igi sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi pé, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, a kì í fọwọ́ kàn wọ́n.”

Mo ní, “Ẹ má bínú. Ará ilé mi ni.”

Ó wò mí, ó wo igi náà. “Ó dáa. Ẹ kí i, ṣùgbọ́n ẹ tètè.”

Bí a ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn. Ó sọ fún mi pé igi náà ń tanná lọ́dọọdún, kì í so, nítorí pé òun nìkan ló dá wà. Obì a máa fẹ́ ẹnìkejì nítòsí kí ó tó so dáadáa. Ó tún ní ní ọdún kan, ẹ̀rọ tó ń mú ilé náà gbóná bàjẹ́, òtútù sì pa igi náà dé ilẹ̀. Wọ́n gé e, wọ́n rò pé ó parí. Àfi bí ó ṣe rú láti ara kùkùté. Ó ní, “Kò kú rárá. Àwa la ò ní sùúrù.”

Mo wá ibi jókòó. Bọ́láńlé rò pé àìsàn ló kọlù mí, ó ń di ọwọ́ mi mú, ó ń ka bí ọkàn mi ti ń lù. N kò sọ ohun tó ṣe mí. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ọ́ fún.

Ṣé ẹ rántí etí oko? Bí ìwọ́ ọmọ yín kọ̀ọ̀kan bá já, ibẹ̀ ni ẹ máa ń rì í mọ́, tí ẹ óò sì gbin obì àbàtà lé e lórí. Ọmọ márùn-ún, obì márùn-ún. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà, kí ẹ tó fọwọ́ kan ọkọ́, ẹ óò fi àtẹ́lẹwọ́ kan wọn níkọ̀ọ̀kan, ẹ óò pe orúkọ ẹni tó ni ín, ẹ óò sì béèrè bóyá ó jí ire. Ìyá sọ fún mi pé nígbà tí mo wà ní iléèwé ní Ìbàdàn, ẹ máa ń dúró díẹ̀ bí ẹni ń retí èsì. Nígbà tí ibà pa Oyèlékè, àbúrò mi, lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, ẹ kò yéé pe orúkọ rẹ̀. Tirẹ̀ ni ọwọ́ yín máa ń pẹ́ lára rẹ̀ jù.

Mo wá kàwé tán, mo di ọ̀gá àgbẹ̀ ìjọba, mo wọ ṣòkòtò kákí àti bàtà rọ́bà wálé. Iṣẹ́ wa ni láti gé obì àtijọ́ tó wà láàárín kòkó, nítorí àìsàn tó ń ràn. Tiyín kò sí láàárín kòkó. Etí oko ló wà, kò sí ẹni tó ní kí n gé e. Èmi ni mo fẹ́ kí ará Ìlá rí i pé n kò dá oko bàbá mi sí. Mo gbé ọ̀dà funfun, mo fi sàmì sára igi mẹ́rin, àwọn tó ń gégi sì ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Nígbà tí wọ́n bi mí léèrè ìkarùn-ún, mo ní kò sí nínú ìlà tí ìjọba fà. Irọ́ ni, Bàbá. Kò sí ìlà kankan. Tèmi ni, ìyẹn ni mo ṣe fò ó.

Ẹ dúró níbẹ̀ títí ti Oyèlékè fi wó. Ẹ ní, “Ṣé ó tán?” Mo ní, “Ó tán, Bàbá.” Ẹ gbé ọkọ́ yín, ẹ sì lọ. Ẹ kò sọ ọ́ mọ́ títí ẹ fi kú. Kí ló dé tí ẹ kò fi pariwo mọ́ mi? Ṣé ẹ mọ̀ pé mo mọ̀ọ́mọ̀ dá tèmi sí?

Lẹ́yìn náà, ẹ ránṣẹ́ sí mi pé obì mi kò so mọ́. Mo fèsì nípa ajílẹ̀. Nígbà tó yá ẹ ní ó ti ń so, inú mi sì dùn pé ajílẹ̀ mi ṣiṣẹ́. Inú ilé gíláàsì yẹn ni mo ti bi ara mi léèrè pé, ta ni ẹnìkejì rẹ̀?

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, èmi àti Bọ́láńlé mú ọkùnrin tó ń wọn ilẹ̀ lọ sí oko. Bàbá Ṣítù, tó ń gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀ láti ìgbà ayé yín, ló ṣán igbó fún wa. Etí oko tí n kò tẹ̀ láti ọjọ́ náà ni mo lọ tààrà. Obì méjì ló dúró níbẹ̀, tèmi àti èyí tó rú láti ara kùkùté Oyèlékè. Òkúta yí èkejì ká. Mo yíjú sí Bàbá Ṣítù.

“Ta ló to òkúta yìí?”

“Bàbá yín ni, kí Ọlọ́hun kẹ́ wọn. Wọ́n ní bí ewúrẹ́ bá jẹ ọ̀mùnú yẹn, èmi ni àwọn yóò bi. Odidi ọdún mẹ́ta ni mo fi ń lé ewúrẹ́!” Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. “Ẹ̀yin ọ̀gá àgbẹ̀, gbogbo ìwé yẹn, ẹ ò mọ̀ pé obì kì í kú lẹ́ẹ̀kan?”

“N ò mọ̀, Bàbá Ṣítù.”

“Háà. Ó mà ṣe o.”

Ọkùnrin tó ń wọn ilẹ̀ ta okùn rẹ̀. Àpáta wà lẹ́yìn, títì wà níwájú, ilé náà kò lè dúró níbẹ̀ láìgé ọ̀kan nínú obì méjèèjì. Bọ́láńlé dì mọ́ mi lápá. “Kékeré yẹn ni kí wọ́n gé, Dádì. Tiyín ni ńlá yẹn. Ẹ ò rí i bí ó ti dára, àlejò á máa jókòó sábẹ́ rẹ̀.” Ọmọ dáadáa ni. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ fún ilé yìí, kò sì mọ nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un níbẹ̀, lójú Bàbá Ṣítù. Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ ní apá mi díẹ̀. Kò pẹ́, ó dá a padà.

Mo ti fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ náà. Mo mú obì láti ara igi mi, mo gbin ín sí ẹ̀gbẹ́ ti Oyèlékè, kí ó má baà dá wà. Èmi kò ní í rí èso rẹ̀. Bàbá Ṣítù ti to òkúta yí i ká, ó sì ń ráhùn pé òun ti dàgbà ju ẹni tó ń lé ewúrẹ́ lọ.

Ọ̀la ni àwọn tó ń gégi ń bọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ yìí, mo gbé ọ̀dà funfun lọ sí oko. Mo kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ kan Oyèlékè, mo pe orúkọ rẹ̀, mo béèrè bóyá ó jí ire. Lẹ́yìn náà, mo fi àmì sára tèmi.

Ṣé ó tán, Bàbá?

Èmi ni, ọmọ yín tí ẹ máa ń dúró de èsì rẹ̀.