Ta Ló Ń Jẹ Iná Wa?

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ibi tí ẹ wà o. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn níbẹ̀, ẹ má bínú tí mo bá ṣì í kí. Ara Màmá le, àfi orúnkún tó máa ń dùn ún tí òjò bá fẹ́ rọ̀. Rẹ̀mí àbúrò mi ti bímọ obìnrin, ojú yín ló gbé wá sáyé, títí dórí ìbínú. Èmi náà ti kó kúrò l'Ówódé, mo ti padà sílé n'Ílaròó kí Màmá má bàa máa dá gbé.

Ọ̀rọ̀ iná ló jẹ́ kí n kọ̀wé yìí. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń rìn kiri ilé láti pa gílóòbù, tí ẹ ó máa pòṣé, tí ẹ ó sì pa ti yàrá tí èèyàn wà nínú ẹ̀ pàápàá. Àìmọye ìgbà lẹ pa iná mọ́ mi lórí ní balùwẹ̀, tọṣẹtọṣẹ lójú. Ká ní ẹ wà láyé lọ́dún yìí ni, ẹ̀ bá ti yọ mítà náà jù sígbó. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, bí a bá ra iná sínú rẹ̀, ṣe ló ń yọ́ bí iyọ̀ inú omi. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ilé ti ṣú.

Fíríìjì la kọ́kọ́ fura sí. A yọ ọ́, kò yí nǹkan kan padà. Màmá wá yíjú sí Ìyá Túndé, aránṣọ tó gba yàrá ẹ̀yìn lọ́wọ́ yín, pé áyọ́ọ̀nù rẹ̀ ló ń jẹ wá. Obìnrin náà sunkún. Ó gbé áyọ́ọ̀nù náà wá fún wa kí ọkàn wa lè balẹ̀, ó wá ń fi eléèédú lọ aṣọ oníbàárà. Iná ò yéé lọ. Ojú tì mí débi pé mi ò lè gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá.

Lọ́jọ́ Sátidé kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, mo yọ gbogbo ohun tó ń lo iná nínú ilé, mo pa gbogbo súìsì, mo wá lọ dúró níwájú mítà. Bàbá, iná pupa ara rẹ̀ ṣì ń ṣẹ́jú. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́, kò sí ohun kan tó ń ṣiṣẹ́, síbẹ̀ ẹnì kan ń jẹ iná wa. Ẹ̀rù bà mí. Lọ́sàn-án gangan ni mo ń wẹ̀yìn bí ọmọdé.

Mo pe ẹlẹ́tíríṣàn. Ó ń tú wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi ń ṣọ́ iná pupa náà. Ìgbà tó tú wáyà tó lọ síbi pọ́ǹpù kànga, iná náà dẹ́kun ṣíṣẹ́jú. A wá tọ ipa wáyà náà nínú ilẹ̀. A gba ẹ̀gbẹ́ ilé, a gba abẹ́ igi ọsàn, ó sì gbé wa dé ibojì yín.

Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín tọ́ka ibẹ̀ kí ẹ tó kú, lábẹ́ fèrèsé Màmá, pé a kì í gbé baálé ilé lọ sin síta. Ẹ̀yin kan náà lẹ ri wáyà yẹn mọ́lẹ̀ nígbà tí a gbẹ́ kànga. Ṣé ẹ ti gbàgbé ni? Àwọn àna yín tó gbẹ́ ilẹ̀ fi ṣọ́bìrì ha á. Wọ́n fi ọ̀rá wé e, wọ́n da yẹ̀pẹ̀ bò ó, nítorí òkú ti ń bọ̀ lọ́nà, wọn ò sì fẹ́ ariwo lọ́jọ́ ìsìnkú. Ọ̀kan nínú wọn ló jẹ́wọ́ fún mi. Orí ibẹ̀ la da sìmẹ́ńtì sí, la fi irin sí, la tẹ́ táìsì lé. Bí òjò bá ti rin ilẹ̀, iná á máa jò wọlẹ̀ lọ sọ́dọ̀ yín.

Ká ní ibẹ̀ lọ́rọ̀ parí sí, mi ò ní yọ yín lẹ́nu. Láràárọ̀, tí Màmá bá gbàdúrà tán, á bọ́ bàtà, torí kò lè fi bàtà gun orí ọkọ rẹ̀, á wá jókòó sórí ibojì yín. Àtìgbà tí òjò ti dé ló ti ń sọ pé ẹ ń kí òun. “Bàbá yín ti kí mi. Bọ́ńjúù rẹ̀ ni, bó ṣe máa ń ṣe é.” Ẹ̀yin náà mọ bí ẹ ṣe máa ń ṣe é. Ẹ ó fi ọmọ ìka ha á ní àtẹ́lẹsẹ̀ kó lè jí, ẹ ó wá fi bọ́ńjúù, káàárọ̀ èdè Faransé tí ẹ kọ́ n'Ídìí-Ìrókò, kí i.

Èmi náà gbọ́wọ́ lé táìsì náà lọ́jọ́ kan. Mo gbọ́ ọ nínú ìka mi, ó ń ta mí jìnnìjìnnì títí dé ìgbọ̀nwọ́. Mo sunkún ayọ̀, mo sì ro gbogbo ẹjọ́ ọkàn mi fún yín. Bàbá, ṣé iná ni mo ń bá sọ̀rọ̀ ni?

Ẹlẹ́tíríṣàn ní orí ló yọ wá. Ó ní ká ní òjò ńlá kan bá Màmá lórí ìjókòó yẹn ni, à bá ti gbẹ́ ilẹ̀ kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. A gé wáyà náà, a gba òkè fa òmíràn. Iná ti ń pẹ́ nínú mítà báyìí. Mo kúnlẹ̀ fún Ìyá Túndé, mo dá áyọ́ọ̀nù rẹ̀ padà, ó sì dárí jì wá.

Lọ́jọ́ kejì Màmá jókòó títí lórí ibojì yín. Ó gbé ẹsẹ̀ síhìn-ín, ó gbé e sọ́hùn-ún. Nígbà tó pẹ́, ó yíjú sí mi: “Kí ni mo ṣe fún bàbá yín?”

Mo fẹ́ purọ́, ẹnu mi ò gbà á. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, wáyà, ọ̀rá, òjò. Ó gbọ́ ọ tán, ó fi etí ìró nu ojú.

“Bá mi so ó padà.”

“Màmá, iná ni. Ikú ni.”

“Mo ti gbọ́ pé iná ni. Bá mi so ó padà. Tòwúrọ̀ nìkan.”

Mi ò so ó. Lánàá mo bá a lórí ìkúnlẹ̀ nídìí igi ọsàn, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún yẹn, ó ń fọwọ́ tú yẹ̀pẹ̀, ó ń wá wáyà. Inú mi bà jẹ́, mo tún bínú sí yín. Mo mọ̀ pé a kì í bẹ òkú kó wá. Ṣùgbọ́n ní etí ibojì, gbogbo wa la jọ sọ pé ó dojú àlá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá sójú àlá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ kí i fúnra yín, kí ẹ ní kó dúró tì mí. Bí ẹ ò bá wá, òun ló máa wá bá yín, Bàbá, mi ò sì tíì fẹ́ dá ilé yìí gbé.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tó ń bá yín ṣọ́ ìyàwó yín.