Ta Ló Ń Fá Ìkòkò?

Àbúrò mi, Afákòkò,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó ẹ àtàwọn ọmọ ńkọ́? Ọkọ mi kí yín. Oògùn ẹsẹ̀ Bàbá tó o fi ránṣẹ́ ti dé, o ṣeun. Dókítà ti yọ ìwọ̀nba eyín tó kù lẹ́nu Bàbá, nǹkan rírọ̀ nìkan ni wọ́n ń jẹ báyìí.

Ìrẹsì ni mo sè lálẹ́ òní. Ibi tí mo ti ń bá aránṣọ ilé kejì sọ̀rọ̀ ló ti jó mọ́ ìdí ìkòkò. Ṣó o rántí? Nígbà tá a wà lọ́mọdé, bó o bá ti mú ṣíbí láti fá èyí tó jó báyìí, Bàbá á ti máa pariwo láti pálọ̀ pé, "Ta ló fẹ́ fá ìkòkò yẹn lu?"

A jẹun tán, ni mo bá gbọ́ kàràkàrà ní kíṣìnnì. Mo rò pé ọmọ mi ni. Bàbá ni mo bá lórí àpótí, wọ́n fi ẹsẹ̀ méjèèjì há ìkòkò mọ́ra, wọ́n ń fá a.

Mo ní, "Bàbá, eyín wo lẹ fẹ́ fi jẹ ẹ́?"

Wọ́n ní, "Ta ló sọ fún ẹ pé mo fẹ́ jẹ ẹ́?" Wọ́n sì ń fá a lọ.

Jọ̀ọ́, wá sílé lọ́dún yìí. Má jẹ́ kí Bàbá mọ̀ pé èmi ni mo sọ fún ẹ. Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín níbẹ̀.

Ìkòkò náà ò tíì lu.

Èmi ni, ẹ̀gbọ́n ẹ obìnrin.