Oògùn Tó Ń Pa Á Nínú Àwo

Ẹ̀yìn Ọjà Agboju,
Amúwó-Ọ̀dọ̀fin, Èkó.

Bàbá Ọbáfẹ́mi, baba wa,

Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín láti Agboju. Ṣé ara yín le? Ṣé oko ń ṣe dáadáa? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí àárẹ̀ jókòó ti ẹnikẹ́ni yín ní Ìgbájọ.

Àbúrò yín, ọ̀gá mi Clement, kò gbádùn. Ó tún wúkọ́ ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Kò lè dùbúlẹ̀ mọ́. Orí àga tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn ló ń sùn sí, mo sì ń tì í lẹ́yìn. Ó ní ó dà bíi pé ògiri yàrá ń sún mọ́ òun. Síbẹ̀, ẹnu rẹ̀ ò sinmi. Nígbà tí mo ní kó rọra máa mí, ó ní, "Ayọ̀, ìwọ gan-an ló yẹ kí wọ́n là, kí wọ́n wo irú òkúta tó wà nínú orí ẹ."

Ẹ gbọ́ pé láàbù tó yẹ ikọ́ rẹ̀ wò sọ pé oògùn tí wọ́n fún un ń pa àrùn rẹ̀, ẹ wá sọ fún ará ilé pé tí kò bá yá, á jẹ́ pé mi ò fún un lò, pé ṣe ni mo tà á. Bàbá, mi ò tà á. Ojoojúmọ́ ló ń gbé e mì lójú mi. Dókítà Rosaline tó ń tọ́jú rẹ̀ ní Festac yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó sì bá oògùn náà níbẹ̀, bó ṣe yẹ kó pọ̀ tó.

Èmi náà fi ìbínú bi í pé kí wá ni láàbù ń wò. Ó ní ohun tó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró ọ̀gá mi dà bí èyí tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó bá ti bu. Nínú àwo tí láàbù bù ú sí láti dán oògùn wò lára rẹ̀, oògùn rí i gbá mú. Ṣùgbọ́n inú ihò tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ijọ́sí dá sí i láyà ló kó ara jọ sí. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé oògùn kiri, ẹ̀jẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀. Ó ní, "Tí láàbù bá sọ pé oògùn ò ràn án, mo máa ń wá òmíràn. Tó bá sọ pé ó ń pa á, ìyẹn kì í ṣe ìlérí pé aláìsàn á yá." Iṣẹ́ abẹ ló kù, kí wọ́n gé ibẹ̀ kúrò. Ó léwu, kò fi ìyẹn pa mọ́ fún wa.

Ibi tí a há sí nìyí. Ẹ ní ọ̀bẹ ò gbọdọ̀ kàn án níwọ̀n ìgbà tí láàbù ti ní oògùn ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá mi ní láti ọjọ́ tí baba yín ti kú, ẹ̀yin ni baba òun, òun ò ní jẹ́ kí wọ́n la òun láìgbọ́ ọ lẹ́nu yín. Tí mo bá sì pè yín, ẹ ń gé fóònù. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní kí n kẹ́rù mi, pé mo ti gba òmìnira lẹ́nu iṣẹ́ káfíńtà tipẹ́. Mi ò lọ. Ta ni yóò máa tì í lẹ́yìn?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá. Ẹ pè mí lólè níwájú gbogbo Agboju tó bá wù yín, mi ò ní fèsì. Ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún un pé kó lọ ṣe iṣẹ́ abẹ náà.

Ẹ ó pẹ́ fún wa. Àbúrò yín ò ní ṣáájú yín.

Èmi ni ọmọ iṣẹ́ àbúrò yín,
Ayọ̀olúwa.

Àfikún: Tí ẹ ò bá lè wá, ẹ gbé fóònù tí mo bá pè lọ́jọ́ Àìkú. Mi ò ní sọ̀rọ̀. Màá gbé e sí ọ̀gá mi létí, màá sì jáde síta.