Ọpẹ́ Tí Kò Jáde Nínú Fóònù

Àbíkẹ́yìn mi,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́ rẹ, mo kí yàrá kótópó tí o ní wọ́n ń gba owó gọbọi lé lórí. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yẹ̀ lórí àtẹ̀gùn gíga yẹn, kí ọ̀gá rẹ máa rí ọ kí inú rẹ̀ máa dùn. Ara mi le. Ọkàn mi ni kò balẹ̀, ìwọ lo sì fà á. Ìdí nìyí tí mo fi ń fi bíró kọ èyí sórí ìwé, nítorí èmi àti fóònù tí o rà fún mi kò tíì parí ìjà.

Nígbà tí o wálé kẹ́yìn, o fi nǹkan kan sínú fóònù náà, o ní láràárọ̀ ni yóò máa bi mí ní ohun mẹ́ta tí mo fẹ́ dúpẹ́ fún, bó ṣe ń bi ìwọ náà, o ní ẹni tó bá ń dúpẹ́ lójoojúmọ́, ara rẹ̀ á máa yá. Mo ní ó dáa, ta ni kò mọ ọpẹ́ í dá? Látọjọ́ náà ló ti ń jí mi ní aago mẹ́fà géérégé. Bí mo bá kọ ọ́ tán, á máàkì mi bíi tíṣà, á sì ya iná kékeré kan síbẹ̀, iná ọ̀hún sì ń tóbi bí ọjọ́ ṣe ń pọ̀ sí i. Nígbà tó pé ogún ọjọ́, inú bàsíà irin ni mo ń gbé fóònù sí kí n tó sùn, kí ó má baà ràn mọ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ìyá rẹ ni mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ jù. Mo kọ ti omi gbígbóná tó ń gbé sí balùwẹ̀ fún mi láti ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Mo kọ ti eruku pákó tó ń gbọn kúrò lára ẹ̀wù iṣẹ́ mi láìkùn. Mo kọ ti ọdún tí mo fi ayùn gé ọwọ́ ara mi, tí n kò lè kan ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, tó fi aṣọ rírán bọ́ gbogbo wa fún oṣù mẹ́rin. Ìwọ náà wò ó: ọ̀rọ̀ tí mo bá kọ sínú fóònù ń dé ọ̀dọ̀ rẹ níbi tó jìn tó ìrìn ọjọ́ kan gbáko. Ìyá rẹ wà nínú ilé ìdáná níhìn-ín, fóònù tirẹ̀ sì wà lápò rẹ̀. Kí ni mo tún fẹ́ máa fẹnu sọ?

Mo wá ń retí èsì. Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì, kò tiẹ̀ sọ pé kò tọ́pẹ́. Inú bí mi. Èmi náà dákẹ́, bí mo bá jí n kò kí i mọ́, n ó kàn tẹjú mọ́ fóònù. Nígbà tó sú mi, mo là á mọ́lẹ̀ fún un pé ẹni tí a ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí kì í dáhùn, kò lẹ́kọ̀ọ́. Ó gbé ìkòkò kalẹ̀, ó ní ọpẹ́ wo? Ó ní láti ìgbà tí fóònù ti wọlé, ẹ kú àárọ̀ gan-an òun ò rí gbà. Ó ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kó òun lẹ́rù. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti fi ọkọ̀ kó ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin.

Mo gbé fóònù lọ bá ẹni tó ń tún un ṣe, mo ní kó wo ibi tí ọpẹ́ mi há sí. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kò lọ síbì kankan, inú ibẹ̀ ló wà, èmi nìkan ni mo lè kà á. Ọmọ mi, irú èwo nìyẹn? Ta ní ń se oúnjẹ àlejò kó wá gbé e pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì? Ṣé bí ẹ̀yin ará ìgboro ṣe ń dúpẹ́ nìyẹn?

Mo gba ilé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ lọ, mo jókòó sórí àpótí, mo ka ọpẹ́ ọjọ́ mọ́kànlélógójì fún ìyá rẹ. Ojú ń tì mí, ẹnu mi sì wúwo. Ó ń rán aṣọ rẹ̀ lọ, kò wojú mi. Nígbà tí mo kan ibi ayùn, ẹ̀rọ dúró. Ó ní kí n tún ibẹ̀ kà. Mo tún un kà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì dìde, ó ní òun ń wá nǹkan kan níta.

Ó tẹ̀lé mi wálé, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀rọ òun ṣì ń gbé ọ̀hún ná. Ó ní òun fẹ́ máa gbọ́ ọpẹ́ náà lẹ́nu mi láràárọ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́, kí òun mọ̀ bóyá ó ti mọ́ mi lára. Mo ti ka mọ́kànlá, mo gbàgbé lánàá, ó ní mo tún padà sí oókan nìyẹn.

Nítorí náà, bá mi wá owó ọkọ̀ tí yóò gbé ẹ̀rọ náà wálé, kí o fi owó bàtà kan lé e fún mi, tèmi ti lu. Má tíì fi ránṣẹ́ o, ìyá rẹ ni yóò pè ọ́ nígbà tó bá tó àsìkò. Kí Ọlọ́run ṣọ́ àlọ rẹ, kó ṣọ́ àbọ̀ rẹ, kí ọ̀nà ilé má ṣe jìn sí ọ. Ìyá rẹ ní kí n bi ọ́ pé kí lo ti ń kọ nípa òun láràárọ̀, nítorí òun ò tíì gbọ́ ọ. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, inú fóònù rẹ ló wà.

Èmi ni, bàbá rẹ.