Ìyá Onígò Kì í Ṣe Akẹ́kọ̀ọ́ Mọ́

Sí Bàbá Aránṣọ, ọkọ olóògbé, àti àwọn ọmọ méjèèjì:

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn tí a kò rí ibi gbé e kà ni Ẹ̀ka Ìmọ̀ Májèlé fi gbọ́ pé Ìyá Onígò dágbére fáyé nígbà tí ìdánwò àṣekágbá oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ku ọjọ́ mọ́kànlá péré.

Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi fọ ìgò ní yàrá àyẹ̀wò wa. Ó ń fọ̀gò láàárọ̀, ó ń kàwé nírọ̀lẹ́, títí ó fi jókòó tì wá gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́. A kò ní purọ́, àwọn kan nínú wa rẹ́rìn-ín.

Ìgò ló dá ẹ̀rín náà dúró. Nígbà tí ẹ̀ka wa pé ọgbọ̀n ọdún, olórí ẹ̀ka, ẹni tó ń buwọ́ lu lẹ́tà yìí, ní kí wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ wúrà ya àmì wa sí ètè gbogbo ìgò tí a fi ń bu omi kànga fún àyẹ̀wò. Ìgò ń dán, orí wa ń wú. Kò pẹ́ tí a fi ń rí òjé, irin tó jẹ́ májèlé, nínú omi gbogbo àdúgbò. A ti ránṣẹ́ sí àwọn oníròyìn kí Ìyá Onígò tó rọ omi mímọ́ tí a ti sẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta sínú ọ̀kan nínú àwọn ìgò náà, tó sì yẹ̀ ẹ́ wò. Òjé wà níbẹ̀. Ọ̀dà wa ni.

Olórí ẹ̀ka fà á sí kọ̀rọ̀: "Ìyá, ṣé ẹ rántí pé inú ìgò yìí kan náà ni iṣẹ́ ọdún méjì tiyín wà?"

"Mo rántí, ọ̀gá. Ẹ ò rí i pé ojú mi pọ́n? Àmọ́ ẹ jẹ́ káwọn èèyàn máa mu omi wọn. Ìgò wa ló ń ṣàìsàn."

Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ọgọ́ta kànga, ìgò lásán tó fọwọ́ ara rẹ̀ fọ̀. Ó sì kọ ìwé ìwádìí oyè rẹ̀ parí.

Bàbá, nígbà tí a wá kí yín, ẹ bi wá pé, "Ṣé akẹ́kọ̀ọ́ náà lẹ ó máa pè é títí láé?" Lánàá, àwọn adánniwò jókòó síwájú àga òfìfo, wọ́n béèrè gbogbo ohun tó yẹ kí wọ́n béèrè, ìwé rẹ̀ sì dá wọn lóhùn láti ojú ewé dé ojú ewé. Wọn kò yọ ìlà kan. Ọ̀mọ̀wé ni aya yín. Àwa fúnra wa ni a ó gbé ìwé ẹ̀rí náà wá sí ṣọ́ọ̀bù yín, a ó sì dúró ti àwọn ọmọ títí wọn yóò fi kàwé yanjú.

Kí Ọlọ́run, tó ń wo inú ìgò kó tó wo ara ìgò, rọ ìtùnú tí kò lábùlà sínú ọkàn yín.

Olórí Ẹ̀ka, lórúkọ gbogbo àwọn tó rẹ́rìn-ín.