Èmi Ni Mo Ní Kí Ẹ Má Lọ

Ẹ kú ilé o, Ìyá Nàfísá, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kú ìtọ́jú Màmá, ẹ kú àárẹ̀, ẹ kú gbogbo oorun tí ẹ kò rí sùn. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ìdálẹ̀ ibí. Mo kí Màmá lórí bẹ́ẹ̀dì wọn. Mo kí Bàbá Nàfísá, mo kí ìyá ọkọ yín, mo kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo kí gbogbo agboolé wa ní Ìlobù, mo sì kí àwọn ará Ìfọ́n tí wọ́n fẹ́ yín sílé, tí wọ́n sì ń ṣe yín bí ọmọ tí wọ́n bí.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ni ẹ ti máa ka lẹ́tà yìí. Ìgbàkígbà tí mo bá fẹ́ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lórí fóònù, ẹ máa ń ní kí n fi sílẹ̀, pé ó ti kọjá. Lẹ́yìn náà ẹ ó bi mí bóyá mo ti jẹun. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn yìí ni wọ́n ń yìn mí káàkiri. Ó yẹ kí àwọn náà gbọ́ ohun tí mo ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ mi fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, torí mo gbọ́ pé dókítà ni wọ́n ń pè mí nílé. Èmi kì í ṣe dókítà. Nọ́ọ̀sì ni mí. Iṣẹ́ mi ni láti máa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ láwọn ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú arúgbó ní Amẹ́ríkà níbí. Ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́, ọ̀dọ̀ mi ló kọ́kọ́ ń wá. Mo ní yàrá kan tí bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, ọmọláńgidi gbọọrọ kan tó ga tó àgbàlagbà sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì náà. Òun la fi ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń yí aláìsàn padà kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà dégbò, bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ fún un láì tú u síhòòhò, bí wọ́n ṣe ń fún ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ kò le mọ́ lóúnjẹ kó má baà há a. Tí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n lára ọmọláńgidi, a ó wọlé lọ bá àwọn arúgbó gidi, èmi á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, n ó máa wò wọ́n, n ó máa tọ́ wọn sọ́nà.

Ilé ìtọ́jú tó wà lábẹ́ mi ju ẹyọ kan lọ, nítorí náà ojú ọ̀nà ni mo máa ń wà ṣáá. Láàárọ̀, mo máa ń fi ike họ yìnyín kúrò lára gíláàsì mọ́tò kí n tó lè rí iwájú. Inú mọ́tò náà ni mo ti ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán, tí mo bá ti tan ẹ̀rọ amúlémóoru rẹ̀. Mo ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, síbẹ̀ ó máa ń ṣe mí bíi pé n kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, torí kò sẹ́ni tó ń pè mí ní Mọ́nsúrá. Bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ mi níbí, Màmá kò ní mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń pè.

Owó tí mo ń fi ránṣẹ́ ni gbogbo èèyàn rí. Òótọ́ ni, òun ló ra kẹ̀kẹ́ aláìsàn, òun ló ń ra oògùn. Àmọ́ owó kò lè yí Màmá padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀yin lẹ ń yí wọn.

Láti ìgbà tí àìsàn ti mú apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún Màmá ni ẹ ti kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì ọkọ yín ní Ìfọ́n, tí ẹ wá ń sun orí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ní Ìlobù. Tó bá di àárọ̀, ẹ ó wẹ̀ fún wọn, ẹ ó fún wọn lẹ́kọ mu, aládùúgbò wa á wá jókòó tì wọ́n, ẹ̀yin á gba Ìfọ́n lọ. Ẹ ó dáná sílẹ̀ fún ọkọ àti ọmọ, ẹ ó ṣí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ yín. Ìrọ̀lẹ́, ẹ tún ti ń bọ̀. Ìlú méjèèjì ò jìnnà síra, àlejò kò lè mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n lílọ bíbọ̀ yẹn lójoojúmọ́, ó ń tán èèyàn lókun. N kò bi yín rí pé ṣé ó rẹ̀ yín. Ohun tí mo máa ń bi yín ni pé ṣé ẹ wo ẹ̀yìn Màmá, ṣé kò pọ́n, ṣé ẹ gbé ìrọ̀rí sábẹ́ gìgísẹ̀ wọn. Bí mo ṣe ń bi àwọn òṣìṣẹ́ mi náà nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí ìjà ilẹ̀ tún bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n, ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀kọ́ ni mo wà. Àwọn òṣìṣẹ́ tuntun ti jókòó sínú, wọ́n ń dúró dè mí. Fóònù mi dún, ẹ̀yin ni. Ẹ ń mí gúlegúle. Ẹ ní ọ̀dọ̀ Màmá ni ẹ wà, ẹ ò tíì lọ sí Ìfọ́n lọ́jọ́ náà, ìbọn ti ń dún lọ́nà oko, ẹni tó ń jókòó ti Màmá ti sá lọ kó àwọn ọmọ tirẹ̀. Ẹ ní Bàbá Nàfísá bá ọjà lọ sí Ìbàdàn, wọ́n sì ti pè yín pé kí ẹ sáré lọ kó àwọn ọmọ àti ìyá àgbà, ìyá ọkọ yín, kúrò ní Ìfọ́n kí ọ̀nà tó dí. Ẹ ní tí ẹ bá ti ilẹ̀kùn mọ́ Màmá, ẹ lè gba ẹ̀yìn ilé lọ, kí ẹ sì tètè padà. Ẹ wá bi mí pé, “Mọ́nsúrá, ìwọ lo mọ̀ nípa aláìsàn. Kí ni kí n ṣe?”

N kò rò ó. Mo dá yín lóhùn lójú ẹsẹ̀ pé, “Ẹ má lọ o. Tí ẹ bá ń tọ́jú aláìsàn, ẹ ò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ àfi tí ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ yín bá dé.”

Òfin ibi iṣẹ́ wa ni. Mo ti kọ́ àwọn èèyàn ní òfin náà títí ó fi mọ́ mi lẹ́nu. Òṣìṣẹ́ tó bá rú u, wọ́n lè gba ìwé iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún òṣìṣẹ́ ni mo ṣe sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n tó pọ̀n mí dàgbà. Ẹ ní ẹ ti gbọ́. Mo pa fóònù, mo jù ú sínú báàgì, mo wọlé, mo sì lo gbogbo àárọ̀ ọjọ́ náà láti fi han àwọn àjèjì bí wọ́n ṣe ń gbé arúgbó láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga.

Ẹ ò lọ. Nàfísá ló kó àwọn àbúrò rẹ̀, tó fa ìyá àgbà lọ́wọ́, tí wọ́n gba inú oko ẹ̀gẹ́ títí wọ́n fi bọ́ sí títì, níbi tí aláàánú kan ti fi mọ́tò gbé wọn dé Òṣogbo. Ìyá ọkọ yín tí wọ́n ti di ẹrù kúrò ní Gáná rí, nígbà tí wọ́n lé àwọn èèyàn wa níbẹ̀, ní àwọn rò pé àwọn ti bọ́ lọ́wọ́ kí èèyàn máa di ẹrù sálọ. Iná jó ṣọ́ọ̀bù yín, àti ẹ̀rọ ìránṣọ, àti aṣọ àwọn oníbàárà. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé kò sí ẹ̀mí tó bọ́ nínú ilé yín. Ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé. Ẹ̀yin wà ní Ìlobù, ọkọ àti ọmọ wà ní Òṣogbo, ẹ ò sì lè rí ara yín.

Ní Ìlobù náà, ara ò rọ̀ yín. Màmá sọ fún mi pé àwọn kan wá sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń béèrè obìnrin tó jẹ́ aya ará Ìfọ́n. Màmá tí ahọ́n wọn wúwo, tó jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu wọn, ló dá wọn lóhùn láti orí bẹ́ẹ̀dì pé, “Ọmọ mi ni. Inú ilé yìí ni mo bí i sí.” Wọ́n bá tiwọn lọ.

Ẹ ò sọ èyí tó dùn yín jù fún mi. Bàbá Nàfísá ni mo pè láti kí wọn kú ewu, àwọn ló sọ ọ́. Wọ́n ní nígbà tí ẹ wá rí Nàfísá bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kò sunkún, kò sì pariwo. Ó kàn sọ fún yín pé, “Ẹ ti mú Màmá àgbà, ẹ fi àwa sílẹ̀.” Láti ọjọ́ náà, tí ẹ bá pè, àbúrò rẹ̀ ló máa ń gbé fóònù fún. Ká ní ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan péré fún un, pé èmi ni mo ní kí ẹ má lọ, ìbínú rẹ̀ ì bá kúrò lórí yín. Ẹ ò sọ ọ́. Ẹ dáàbò bò mí lọ́dọ̀ ọmọ yín.

Kò pẹ́ sígbà náà ni a ṣèpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú níbí. Wọ́n ṣàdúà fún ilé, wọ́n wá ní kí n dìde. Alága sọ fún gbogbo èèyàn pé kí wọ́n wo bí mo ṣe ń tọ́jú ìyá mi láti òkèèrè, kí Ọlọ́run jẹ́ kí àwọn ọmọ tiwa náà tọ́jú wa bẹ́ẹ̀. Mo ní àmín. Mo jókòó, mo sì jẹ ìrẹsì tí wọ́n gbé síwájú mi. Ìyẹn ń dùn mí títí di ìsinsìnyí, Ẹ̀gbọ́n mi, pé mo jẹ ìrẹsì yẹn tán.

Nígbà tó yá, mo tún ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun ní òfin kan náà. Obìnrin kan wà láàárín wọn, ará Haiti, ó dàgbà jù mí lọ. Ó nawọ́ sókè, ó ní, “Tí ẹni tó yẹ kó wá gbà á kò bá wá ńkọ́?” Ìdáhùn wà nínú ìwé tí mo fi ń kọ́ wọn: kí òṣìṣẹ́ pe ọ̀gá. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo rántí yín. Ẹ ti pe ọ̀gá. Èmi lẹ pè. Èmi náà sì ni ẹni tó yẹ kó wá gba Màmá lọ́wọ́ yín, láti ọjọ́ tí àìsàn ti dá wọn gúnlẹ̀, tí n kò wá. Mo ní kí wọ́n lọ sinmi díẹ̀, mo jáde lọ jókòó sínú mọ́tò, mo sunkún.

Mo ti bá ọ̀gá mi sọ̀rọ̀. Mo tọrọ ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Wọ́n ní àwọn kò lè ṣèlérí pé iṣẹ́ náà á ṣì wà tí mo bá padà dé. Mo ní mo gbọ́, mo sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ nílé, ẹ máa rí mi. Nígbà tí mo sọ fún Màmá, inú wọn ò kọ́kọ́ dùn, wọ́n ń ronú iṣẹ́ mi. Wọ́n wá bi mí bóyá mo ṣì lè fọwọ́ ara mi gbé èèyàn, àbí kíkọ́ nìkan ni mo mọ̀ mọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí àwọn ẹlòmíì ń gbé.

Ọjọ́ tí mo bá dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ bá ọkọ àti ọmọ yín ní Òṣogbo. Ẹ má dúró kọ́ mi. Tí ẹ̀kọ tí mo bá pò bá ní kókó, Màmá á sọ ọ́. Ẹ sùn. Ẹ wá ṣọ́ọ̀bù tuntun. Tí ó bá wù yín kí ẹ jókòó lásán, ẹ jókòó.

Ó ku ohun kan tí ẹ ò tíì mọ̀. Mo pe Nàfísá. Mo sọ fún un pé kì í ṣe ìyá rẹ̀ ló mú Màmá àgbà, pé ìyá rẹ̀ fẹ́ wá, èmi ni mo ní kí wọ́n má lọ. Ó wá béèrè bóyá mo mọ̀ pé bàbá àwọn kò sí nílé nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní mo mọ̀. Ó ní, “Ó dáa, Àǹtí.” Láti ìgbà náà, kò gbé fóònù mi mọ́.

Nígbà tí ẹ pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ ń yọ̀. Ẹ ní Nàfísá sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ilé, ó bọ́ bàtà, ó wọlé tààrà, ó di Màmá mú ní apá kejì, ẹ̀yin méjèèjì sì jọ yí wọn padà. Ẹ ní ẹ ò mọ ohun tó mú un wá, ẹ ò sì bi í, kó má baà tún lọ. Ẹ ti wá mọ̀ ọ́n báyìí. Ẹ má bẹ̀ ẹ́ nítorí mi o. Tó bá ń bínú sí mi, ẹ jẹ́ kó máa bínú. Ọ̀dọ̀ mi ni ìbínú náà ì bá ti wà tẹ́lẹ̀.

Ọlọ́run á fún yín lókun, á fún Màmá ní àlàáfíà, á dá gbogbo ohun tó jóná padà fún yín, á sì jẹ́ kí Ìlobù àti Ìfọ́n tún máa jọ ná ọjà kan náà láìfòyà. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, lọ́mọdé lágbà. Ẹ bá mi fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ Màmá.

Èmi ni àbúrò yín, ọmọ tí ẹ pọ̀n,
Mọ́nsúrátù